Ìwé Tí Kò Ní Òǹtẹ̀ Géètì

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú ìrójú. Ara mi le dé ibi tí ara àgbà ń le dé. Orúnkún ọ̀tún ń bá mi ṣọ̀tá, tòsì ń bẹ̀ ẹ́. Etí ni ká má sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ yẹn ti gbé e lọ tipẹ́, tí èèyàn bá ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí, ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé fóònù tí o rà fún mi fún Àǹtí rẹ, kó máa lò ó lọ́hùn-ún níbi tó ń gbé. Má bínú sí i. Fóònù lọ́wọ́ adití, dígí lọ́wọ́ afọ́jú ni. Lẹ́tà ni kí o máa kọ sí mi, ojú mi ṣì dáa.

O kò kọ̀wé láti oṣù Kọkànlá. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a fi ń ṣiṣẹ́ náà la fi ń kọ̀wé. Mi ò bá ọ jà o.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Ilé iṣẹ́ ahunṣọ wa ránṣẹ́ pe àwa tí a ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ wá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú wa, kò gba àga. Ó ní dípò owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń san fún wa lóṣooṣù, kí a fi í sílẹ̀ ká gba ṣíà, ká di ara àwọn tó nilé iṣẹ́. Ó ní tó bá jèrè, a ó jọ jẹ ẹ́ ni. Àwa mọ́kànlélógójì la kù. Èmi alága ẹgbẹ́ wa ni wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i fún gbogbo wa, torí àwọn kan ò ríran mọ́, àwọn kan ò lè rìn dé ibẹ̀. Wọ́n ní ibi tí mo bá ti fi ẹsẹ̀ lé ni àwọn náà ó fi lé. Ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Kẹrin ni ìpẹ̀kun.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ ò pọ̀. O sọ fún mi pé màmá arúgbó tí ò ń tọ́jú níbẹ̀ yẹn jẹ́ akọ̀wé owó nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Bi í léèrè bóyá ṣíà dáa. Má dárúkọ ilé iṣẹ́ wa fún un, ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni.

Ọdún mẹ́fà tí mo ti rí ọ kẹ́yìn kì í ṣe ọjọ́ mẹ́fà. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.

Èmi bàbá rẹ, tí orúnkún rẹ̀ kí ọ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ pẹ̀lẹ́ o fún orúnkún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe rò pé mo gbàgbé yín. Tí mo bá ti gbé màmá dìde láàárọ̀, tí mo wẹ̀ fún wọn, tí mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, tí mo sì gbé wọn jókòó sídìí fèrèsé, ìbàdí mi á ti máa ké. Tí mo bá padà dé yàrá mi, bàtà ni mo máa ń kọ́kọ́ bọ́, orí ìjókòó yẹn náà ni oorun ti máa ń gbé mi lọ. Ó rẹ̀ mí, Bàbá. Kì í ṣe ti òní nìkan.

Mo bi wọ́n léèrè bí ẹ ṣe ní kí n bi wọ́n. Wọ́n ní ẹnì kan kì í sọ pé ẹran dáa láìrí ẹran náà, kí n dárúkọ ilé iṣẹ́. Ẹ foríjì mí, mo dárúkọ rẹ̀.

Bàbá, bí àwọn kan ṣe máa ń wo inú ìwé ìròyìn láti mọ ẹni tó kú, bẹ́ẹ̀ ni màmá yìí ṣe ń ka àkáǹtì àwọn ilé iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà láràárọ̀, tí wọ́n bá ti mu tíì tán. Òfin ni pé ilé iṣẹ́ tó bá ń ta ṣíà fún gbogbo ayé gbọ́dọ̀ gbé àkáǹtì rẹ̀ síta lọ́dọọdún. Ìjọba ní ibi tó kó gbogbo rẹ̀ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bó ṣe wà níbí ló ṣe wà lọ́dọ̀ yín náà. Wọn kì í bi èèyàn lórúkọ, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Màmá tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ yín, ìwé náà sì jáde, odidi ojú ìwé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún.

Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Wọ́n ní iwájú ni ọ̀gá ti ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò, ẹ̀yìn níbi tí lẹ́tà ti wẹ́ ni wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ sí. Ojú ìwé kọkànléláàádọ́rin ni kí ẹ wò. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ilé iṣẹ́ yín fi pàdánù. Àwọn ọ́dítọ̀ tó yẹ ìwé wọn wò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń ṣe àwọn ní iyèméjì bóyá ilé iṣẹ́ náà á lè dúró fún ọdún kan sí i. Kí ẹ wá ṣí kẹrìnléláàádọ́rin. Ọ̀gá tó bá yín jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn ti ta èyí tó pọ̀ jù nínú ṣíà tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó ní kí ẹ wọlé wá ń gba ẹ̀yìnkùlé kó ẹrù tirẹ̀ jáde.

Mo tẹ ojú ìwé méjìlá jáde, mo fà á nílà pupa, òun ló wà nínú àpò ìwé yìí. Ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ pe àwọn èèyàn yín jọ, kí ẹ kà á sí wọn létí. Tí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí i, mo kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sẹ́yìn ojú ìwé àkọ́kọ́. Ẹ mú un lọ fún obìnrin tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, Ìyá Kọ̀ǹpútà yẹn.

Ọdún mẹ́fà, mo mọ̀. Èmi náà ń kà á.

Ọmọ yín tí kò jìnnà sí yín nínú ọkàn.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹrin

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, ṣùgbọ́n kíkí mi ò gùn lónìí. Ẹrù rẹ dé lánàá. Níbo lo ti rí ìwé ilé iṣẹ́ wa?

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe nínú ọgbà yẹn. Takàdá kan kì í gba géètì jáde láìní òǹtẹ̀ aláwọ̀ aró tí àwọn aṣọ́nà ń tẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, a ó tò, wọn ó tú wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ó tú àpò oúnjẹ wa wò. Mo mọ ẹnì kan tí wọ́n lé dànù nítorí takàdá. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún. Ojú mi ló ṣe. Ìwọ wá fi méjìlá ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun, àmì ilé iṣẹ́ wà lórí gbogbo rẹ̀, kò sí òǹtẹ̀ lórí ẹyọ kan.

Mi ò kà á. Bí mo ṣe rí ilà pupa yẹn ni mo ká a. Mo fi aṣọ wé e, mo sì tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí.

O ní gbogbo ayé ló lè rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni ohun tó wà níbẹ̀, ta ni yóò gbé ìtìjú ara rẹ̀ síta gbangba? Tó bá sì jẹ́ irọ́, kí ni mo fẹ́ kà á fún? Màmá yẹn ti tàn ọ́ jẹ ni, tàbí kẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ jọ ń ṣe é ni. Owó tí mo fi rán ọ níwèé, owó tó mọ́ ni. Tó bá jẹ́ pé ilé olè lo wà, kó ẹrù rẹ kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, màá gbé e lọ sí géètì kí wọ́n bá mi tẹ òǹtẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, màá kà á pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ́. Tí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́, mo ti dá nǹkan onínǹkan padà nìyẹn. Mi ò ní dárúkọ rẹ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi mí, mi ò mọ irọ́ pa, torí náà, gbàdúrà kí wọ́n má bi mí.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú àárọ̀. Orí ìdúró ni mo ti ń kọ èyí, kí n lè sáré fi ránṣẹ́ kí màmá tó jí.

Mi ò jalè. Màmá ò jalè. Wọn ò gbé ìtìjú wọn síta nítorí pé ó wù wọ́n, òfin ló fipá mú wọn. Ìdí tí òfin fi wà nìyẹn, kí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lè kọ́kọ́ wo inú ìkòkò. Ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá Ìyá Kọ̀ǹpútà, kó ṣí i lójú yín. Ẹ máa gbé e lọ sí géètì. Mo tún un kọ: ẹ má gbé e lọ.

Ó dùn mí, Bàbá. Òǹtẹ̀ aṣọ́nà ni ẹ gbà gbọ́ ju èmi ọmọ yín lọ.

Èmi ni.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Nínú lẹ́tà tí mo kọ gbẹ̀yìn, níbi tí mo ti ń kánjú, mo rò ó pé mo kọ "ẹ máa gbé e lọ" lẹ́ẹ̀kan kí n tó tún un kọ. Ẹ má mú ti àkọ́kọ́ o. Ẹ má gbé e lọ ni mo ní lọ́kàn. Ẹ wo bí ó ṣe rẹ̀ mí tó.

Ìpẹ̀kun wọn ti kọjá láti ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan. Mo pe Àǹtí. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti wá kí yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ò tíì fojú kàn yín, pé ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni, àmọ́ àwọn ń bọ̀ nínú oṣù Kẹfà. Àárọ̀ kì í mọ́ kí màmá má bi mí bóyá bàbá mi ti kà á. Mo máa ń sọ pé lẹ́tà wà lọ́nà.

Tí ẹ bá ń bínú, ẹ fi ìbínú náà kọ̀wé. Kí n ṣáà ti rí ìkọ̀wé yín.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ keje, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí màmá. Bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n dárí jì mí, mo pè wọ́n ní olè.

Mo gbé ìwé náà lọ sí géètì. Aṣọ́nà tó wà níbẹ̀ wò ó, ó yí i padà, ó ní ìwé tó ń jáde làwọn ń tẹ̀ lóǹtẹ̀, àwọn ò tẹ èyí tó ń wọlé rí. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé àgbà. Akọ̀wé gbà mí tẹ̀rín-tọ̀yàyà, ó gbé àga fún mi, ó fi ohun mímu síwájú mi. Ó kọ ọ́ sórí takàdá kó lè yé mi pé ìwé yẹn ti pẹ́, nǹkan ti yí padà, àti pé inú ọ̀gá á dùn pé mo dá a padà. Ó kó méjèèjìlá sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ọmọ mi, mo fọwọ́ sí i níbẹ̀, fún mọ́kànlélógójì. Inú mi tiẹ̀ dùn nígbà tí mò ń lọ sílé. Mo ní mo ti gba ìwọ náà sílẹ̀ lọ́wọ́ wàhálà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà kúkúrú tó o kọ lórí ìdúró tó dé. Ibi tí o ti ní ó dùn ọ́ ló gbé mi dìde. Mo lọ bá Ìyá Kọ̀ǹpútà. Ó tẹ orúkọ ilé iṣẹ́, ìwé sì jáde. Kò bi mí pé ta ni mí. Ojú ìwé kọkànléláàádọ́rin ni mo ní kó ṣí. Gbogbo ohun tí o kọ ló wà níbẹ̀. Ìwé náà ò pẹ́, déètì oṣù Kejì ọdún yìí ló wà lára rẹ̀. Akọ̀wé purọ́ fún mi tòun ti ẹ̀rín.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ìyá rẹ títí tó fi lọ. Ọkùnrin tí wọ́n lé nítorí takàdá, ọ̀rẹ́ mi ni. Agùntáṣọọ́lò là ń pè é, torí kò sí ilẹ̀kùn tí kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún. Àkáǹtì ilé iṣẹ́ ló fẹ́ gbé jáde nígbà náà, kó fi hàn wá pé wọ́n jèrè lọ́dún tí wọ́n ní kò sówó láti fi kún owó wa. Ó fi í há abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Èmi nìkan ló sọ fún, èmi ni mo sì sọ fún aṣọ́nà. Mo ní olè ni. Wọ́n fún mi ní ipò olórí àwọn atúnẹ̀rọṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Báyìí, ohun tí mo fi ba ayé rẹ̀ jẹ́, Ìyá Kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́ síta níṣojú mi láàárín ìgbà tí èèyàn fi ń sín. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè dìde lórí àga obìnrin yẹn.

Ó bá mi wo síwájú sí i. Ìwé àdéhùn ṣíà náà wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ẹnikẹ́ni lè dá ṣíà padà kó sì gba owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ padà títí di ọgbọ̀nọjọ́ oṣù yìí, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ka fúnra rẹ̀. Mo pe gbogbo wọn jọ. Mo ka ìwé sí wọn létí. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí wọ́n ní? Wọ́n ní alága tó ní kí àwọn wọlé lánàá ló tún ní kí àwọn jáde lónìí, pé kí ni mo gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń bá ilé iṣẹ́ jà. Ẹnì kan ní òǹtẹ̀ dà lórí rẹ̀.

Mo wá lọ sílé Agùntáṣọọ́lò. Ó ti tẹ̀, ọmọ mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, orúnkún mi ò jẹ́ kí n lè dìde mọ́, òun ló fà mí sókè. Mo jẹ́wọ́. Ó kọjú sí mi, ó la ẹnu rẹ̀ dáadáa kí n lè rí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Mo mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún." Kò ní òun dárí jì mí. Ó béèrè ìwé, ó wọ awò ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ẹ̀yìn.

Òun ló bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò ní ṣíà, kò ní owó ìfẹ̀yìntì, kò sí ohun tó ń wá. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ti gba tiwọn padà. Ó ku mọ́kànlá tó ní ọ̀gá tó bá àwọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì ò lè tan àwọn jẹ.

Èmi náà ò tíì gba tèmi. Má bínú. Èmi ni mo ní kí wọ́n wọ ọkọ̀, mi ò lè bọ́ sílẹ̀ kí n fi wọ́n sínú rẹ̀. Ìgbà tí ẹni ìkẹyìn nínú wọn bá jáde ni màá jáde.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ẹnu, ẹ kú ìtìjú tí ẹ dá gbé láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Àná ni lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo ka ọ̀rọ̀ Agùntáṣọọ́lò lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní bí mo ṣe mọ̀ yín tẹ́lẹ̀, ó sì ní bí mo ṣe mọ̀ yín báyìí. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ nínú mi.

Mo pe Àǹtí kíá, ó sì bọ́ sí i pé wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ yín. Wọ́n gbé fóònù sí yín létí. Mo ní, "Bàbá, ẹ lọ gba tiyín padà, ó ku ọjọ́ mẹ́ta." Ẹ ní, "Mo wà dáadáa, ọmọ mi, bá mi kí màmá." Mo pariwo rẹ̀ títí màmá fi fi ọ̀pá wọn kanlẹ̀kùn, tí wọ́n ń bi mí ta ló kú. Mo wá ní kí Àǹtí kọ ọ́ sórí takàdá ní lẹ́tà gàdàgbà. Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ní ẹ kà á, ẹ ká a sápò, ẹ sì ní kí wọ́n bá yín wá bàtà yín, pé ó ku ẹni méje, ọ̀kan nínú wọn sì ń gbé lẹ́yìn ibùdókọ̀.

Inú ń bí mi sí yín. Mo sì ń fi yín yangàn, bí mo ṣe ń bínú náà ni. Mi ò mọ ibi tí ọ̀kan ti tán tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́tà yìí ò ní bá ọgbọ̀nọjọ́. Nígbà tí ẹ ó bá fi máa kà á, àwọn méje yẹn á ti jáde tàbí kí wọ́n ti dúró, ẹ̀yin náà pẹ̀lú wọn. Torí náà, mi ò bẹ̀ yín mọ́.

Màmá bi mí ohun tí ẹ ó máa jẹ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa wá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú náà, kí n lè máa fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo fi ń na ìbàdí mi sílẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, kí n máa bọ̀ ní aago méje.

Ọ̀la ni mò ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ yín.